Ta Ni Ká Kà Nílé Akínlóyè?

Adédoyin ń rin àgbọn lẹ́yìnkùlé wọn ní Ibereko nígbà tí Agatha jáde nínú yàrá pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́.

"Agatha, níbo lò ń lọ láàárọ̀ yìí?"

"Kankon ni mò ń lọ, nọvi ṣie. Bí àwọn tó ń ka èèyàn bá ti lọ tán, màá padà."

Bí Agatha ṣe máa ń pè é nìyẹn: nọvi ṣie, 'ọmọ ìyá mi' lédè Ègùn. Bẹ́ẹ̀, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ará Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin ni Agatha, ọjà ló pa wọ́n pọ̀. Nígbà tí ọkọ Agatha bómi lọ, tí àwọn ẹbí ọkọ sì ní kó kó jáde, Adédoyin ló ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó ti di ọdún kẹta. Lọ́dún tó kọjá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Adédoyin, Agatha ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń yí i padà lórí ibùsùn, tó sì ń dáná fún gbogbo ilé.

"Ta ló ní kí o sá?"

"Wọ́n ń sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Wọ́n ní bí wọ́n bá kọ orúkọ ẹni tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, wọn á lé e kọjá bodè, wọn á tún mú onílé tó gbà á sílé. Mi ò fẹ́ kó wàhálà bá yín."

Akínlóyè, ọkọ Adédoyin, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, gbọ́ ọ látorí ìjókòó rẹ̀.

"Jẹ́ kó máa lọ, ìyá Dọ̀tun. Ṣebí yóò padà. Àwa mẹ́ta la máa kọ: èmi, ìwọ àti Olúdọ̀tun."

Olúdọ̀tun ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ìbàdàn ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀.

Adédoyin kò tíì fèsì tí wọ́n fi gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú ilé o!"

Agatha sá wọ ilé ìdáná.

Bísọ́lá ni, olùkọ́ kan láti Ijanikin tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ ìkànìyàn. Ó fi káàdì ìdánimọ̀ tó so mọ́ ọrùn hàn wọ́n, ó jókòó, ó tan ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ jọ ń gbé níbí, tí ẹ jọ ń jẹun, sà?"

"Mẹ́ta," ni Akínlóyè dáhùn, ó sì dárúkọ wọn.

"Olúdọ̀tun dà?"

"Ó wà ní Ìbàdàn."

"Ṣé ó rìnrìn àjò ni, àbí ibẹ̀ ló ń gbé?"

"Ibẹ̀ ló ń gbé."

"Ibẹ̀ náà ni wọn á ti kà á, sà. Bí a bá kà á níbí, tí wọ́n tún kà á lọ́hùn-ún, ẹnì kan á di méjì."

Ojú Akínlóyè le. "Ọmọ mi kan ṣoṣo! Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò nílé baba rẹ̀ ni?"

"Ẹ ò yọ ọ́, sà. Ìkànìyàn kì í ṣe pínpín ogún. Ọmọ yín ni, bó bá tilẹ̀ ń gbé òkè òkun. Ó wá ku ẹ̀yin méjì, àbí?"

Akínlóyè mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Adédoyin rò ó wò. Bó bá sọ̀rọ̀, tí ohun tí wọ́n sọ nídìí ẹ̀rọ omi sì jẹ́ òótọ́, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ yẹn. Bó bá sì dákẹ́, ó dà bí ẹni pé ẹni tó tọ́jú òun kò sí láyé.

"Tíṣà," ó rọra pè é, "bí ẹnì kan bá ń gbé ọ̀dọ̀ èèyàn, tí kì í ṣe ẹbí, tó wá láti òdìkejì bodè ńkọ́?"

Bísọ́lá gbójú sókè. "Ṣé ó ti pẹ́ níbí?"

"Ọdún kẹta nìyí."

"Ẹ jọ ń jẹun?"

"Òun gan-an ló ń sè é."

Bísọ́lá rẹ́rìn-ín. "Ará ilé yín ni, mà. A lè béèrè ibi tí wọ́n bí i sí, kì í ṣe láti lé e. Òfin kò sì jẹ́ kí á sọ ohun tí ẹ bá sọ fún wa fún ẹlòmíràn, ì báà ṣe aṣọ́bodè, ì báà ṣe agbowó-orí. Òun náà ń mu omi, òun náà ń lọ sílé ìwòsàn. Bí a kò bá kà á, báwo ni ìjọba ṣe máa mọ iye oògùn tó máa tó Ibereko?"

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí. Agatha jáde, ó ń fi etí ìró nu ojú.

"Ẹ jókòó, mà. Kí lẹ jẹ́ sí olórí ilé?"

Agatha wo Akínlóyè.

Akínlóyè húkọ́. "Ẹ kọ ọ́ pé kì í ṣe ẹbí, bí ìyẹn bá lòfin wí. Ṣùgbọ́n ará ilé mi ni."

Adédoyin mí kanlẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Agatha bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ayálégbé wa tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ńkọ́?" Akínlóyè béèrè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ó ń dáná tirẹ̀ lọ́tọ̀."

"Ìdílé tirẹ̀ nìyẹn, sà. Màá kan ilẹ̀kùn rẹ̀."

Ẹ̀yin ará wa, bí akànìyàn bá dé, ẹ má wo ẹ̀jẹ̀, ẹ má wo èdè. Ẹni tó ń gbé ilé yín, tí ẹ jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan náà, ẹ kà á: ì báà ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, arúgbó tí kò lè jáde, tàbí ìkókó tí wọ́n bí lánàá. Ọmọ tó ti lọ gbé níbòmíràn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á níbẹ̀. Bí nǹkan kan kò bá yé yín, ẹ bi akànìyàn léèrè, kì í ṣe àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ omi. Kò sí ẹni tó yẹ kó máa sá pamọ́ nínú ilé tó ti ń jẹun.