Àgádágodo Keje

Ọjọ́ yẹn gan-an ni iná mànàmáná gbọ́dọ̀ gba inú wáyà abẹ́ òkun kọjá sí òdìkejì, kó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àgádágodo kan ò sì jẹ́ ká tan súìṣì.

Àwa mẹ́fà là ń so wáyà tó já. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, á kọ́kọ́ fi àgádágodo tirẹ̀ ti súìṣì pa, á so kọ́kọ́rọ́ mọ́rùn. Èèyàn kì í ṣí ti ẹlòmíì. Ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́ yìí láìkú nìyẹn. A ti ṣí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀kan ṣì kù. Omi iyọ̀ ń kán lára rẹ̀ sórí bàtà mi, bẹ́ẹ̀ inú ilé gbígbẹ la wà.

Ọ̀kan nínú wa tí à ń pè ní Ẹnu-ò-sinmi ní bóyá àgádágodo náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ dé ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mo yí i padà. Mo rí kúùtẹ́ẹ̀sì pupa tí èmi fúnra mi fi kun ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kó má baà ṣì í mú.

Ọdún méjì rèé tí iná wáyà yìí pa á. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ wá bá màmá wa nílé, ó ní ọmọ wọn ló gbàgbé láti ti àgádágodo, pé àìbìkítà ló pa á. Láti ìgbà náà ni Màmá ò ti gbójú sókè ládùúgbò.

Báyìí, Ọ̀gá yìí kan náà gbé ẹ̀mú ńlá tí a fi ń gé irin dé. Ó rí kúùtẹ́ẹ̀sì náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Mo ti gé èyí lẹ́ẹ̀kan,” ló rọra wí.

Gbogbo wa gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti tì í. Ọ̀gá ló gé e, tó tan iná lé ẹ̀gbọ́n mi lórí.

“Ẹ fi í sílẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ òótọ́ fún màmá mi.”

Ó wo agogo. Ó gé e.

Apá rẹ̀ méjèèjì jó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ lójú wa. Nǹkan kan fà á, ó nà án mọ́ ara irin lẹ́ẹ̀mẹta, eyín rẹ̀ fọ́n ká sílẹ̀. Nígbà tó kú, omi òkun ló ń tú lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni mo sì fi ẹ̀rọ yẹ gbogbo ibẹ̀ wò: kò síná níbì kankan.

Nígbà tí a máa fi wo súìṣì, àgádágodo náà ti tún wà níbẹ̀, bí ẹni pé wọn ò gé e rí.

A ti sọ fún Màmá. Iná ò tíì kọjá. Kò sẹ́ni tó tún gbé ẹ̀mú súnmọ́ ọn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n mi nínú sàréè, bí a ṣe sin ín.