Okùn Èémí ní Òkè Àgùnfọn

Okùn náà kò nípọn ju ìka ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n èémí ènìyàn ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Dókítà Mopélọ́lá ló ṣe é. Ó so ó mọ́ ìgbànú mẹ́ta, ó ní ẹni tí èémí rẹ̀ pọ̀ jù yóò máa fún ẹni tí tirẹ̀ kéré jù, bí omi ṣe ń ṣàn láti inú àmù tó kún sínú èyí tó gbẹ.

Ọmọ mẹ́ta péré ni wọ́n bí ní Ìsàlẹ̀-Àgùnfọn lọ́dún tí ooru pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Súnkànmí àti Ìbídùnní jẹ́ ọmọ àtúndá: wọ́n ti tún ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣe kí wọ́n tó bí wọn, wọ́n lè máa sáré gun òkè kí wọ́n tún máa kọrin. Wọn kò tún ti Gbádébọ̀ ṣe. Ìyá rẹ̀ kọ̀. Bó bá gun àtẹ̀gùn ilé lásán, àyà rẹ̀ á máa dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ìgbín ni Súnkànmí ń pè é.

Síbẹ̀, ẹgbẹ́ kan ni wọ́n, ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ gun Òkè Àgùnfọn dé orí lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí ìlú tó fún un lórúkọ. Ẹgbẹ́ tí kò lórúkọ kò lè gba ilẹ̀, kò lè kọ́lé. Ẹni tí kò lágbára ló ń ṣíwájú, ẹni tó lágbára jù á kẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Bí ẹnì kan bá wẹ̀yìn, gbogbo wọn á sọ̀ kalẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ní ìsàlẹ̀ òkè, Bàbá Lísà, tó jẹ́ àgbà ìlú, fi ọ̀pá kan okùn náà.

"Ta ló ń sọ fún un pé ó tó?"

"Ẹni iwájú ni, Bàbá," ni Dókítà dáhùn. "Bọ́tìnnì wà ní ìgbànú rẹ̀. Òun ló mọ èémí tó nílò."

"Ẹni iwájú kì í wẹ̀yìn. Báwo ló ṣe máa mọ ohun tó kù fún ẹni ẹ̀yìn?"

"Ẹni ẹ̀yìn lẹ́nu, Bàbá. Á sọ̀rọ̀."

"Súnkànmí yìí? Ó lè kú kó tó sọ pé ó rẹ òun."

Wọ́n gbéra. Òkúta gbóná, ọ̀nà sì dúró ṣánṣán bí ògiri. Gbádébọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ru ọlọ.

"Ìgbín, ṣé kí n bá ọ ti ìdí ni?" Súnkànmí kígbe láti ẹ̀yìn.

"Lọ ti ìdí ewúrẹ́ yín!"

Ìbídùnní, tó wà láàárín, bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n kọjá ibùsinmi kìíní, ọ̀rọ̀ kan sọ sí Gbádébọ̀ lọ́kàn. Jẹ́ kí Súnkànmí náà mí hẹlẹ lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀. Láti ibí dé ibùsinmi kejì péré. Ó yí bọ́tìnnì náà dé òpin.

Èémí dé. Ó tutù wọ àyà rẹ̀ bí omi àpáta. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbẹ́sẹ̀ sókè, àyà rẹ̀ kò sì bá a jà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o!" ni Ìbídùnní wí. "Súnkànmí ń mí bí ajá ọdẹ lẹ́yìn mi!"

Gbádébọ̀ kígbe láìwẹ̀yìn:

"Súnkànmí, ta ni ìgbín?"

"Ìwọ... ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ibùsinmi kejì. Ọwọ́ Gbádébọ̀ kan bọ́tìnnì. Ó ní, díẹ̀ sí i. Ó mú ọwọ́ kúrò.

"Súnkànmí, ta ni ìgbín?"

"Ì... wọ."

Wọ́n tún gùn sí i.

"Súnkànmí, ta ni ìgbín?"

Kò sí ìdáhùn. Okùn náà le, ó sì wúwo. Gbádébọ̀ bojú wẹ̀yìn.

Súnkànmí ti dojú bolẹ̀, ètè rẹ̀ funfun bí eérú. Gbádébọ̀ gbé e pọ̀n, ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Gbádébọ̀ fúnra rẹ̀ kò mí hẹlẹ rárá. Ohun tó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, Dókítà pè é. Kò lè wò ó lójú.

"Kì í ṣe èémí nìkan ni okùn náà fà lára Súnkànmí. Nígbà tí èémí tán, ó fa àtúnṣe ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú rẹ ló wà báyìí."

"Ẹ dá a padà fún un."

"Kò ṣeé dá padà."

Bàbá Lísà dáná sun okùn náà. Kò sọ pé òun ti wí tẹ́lẹ̀. Gbádébọ̀ lọ kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo yí i dé òpin. Mo fi ṣeré ni."

"Mo mọ̀," ni Súnkànmí wí, ó sinmi kó tó parí rẹ̀. "Mo ń dúró kí o rẹ́rìn-ín tán ni."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà sórí òkè. Súnkànmí ló ṣíwájú. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta, á dúró; méjì, á dúró. Oòrùn ti yẹ̀ lórí, wọn kò tíì dé ibùsinmi kìíní. Lẹ́yìn pátápátá, Gbádébọ̀, ẹni tí kò mọ àárẹ̀ mọ́, ya ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ kíkankíkan, kí ẹni iwájú lè gbọ́.

"Ìgbín," ni Súnkànmí pè, láìwẹ̀yìn, "ṣé o... ṣì ń jìyà?"

"Àyà mi fẹ́ já, ọ̀rẹ́ mi. Rọra máa lọ."

Súnkànmí rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan sí i. Ìbídùnní wà láàárín èémí méjèèjì, ó mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ó ń tẹjú mọ́ ẹ̀yìn Súnkànmí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ wẹ̀yìn.