Ilé Ọlọ́wọ́ Òsì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó di ojú méjèèjì, ó sì ń rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé iṣẹ́ wa bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ni. Apẹ̀rẹ̀ ìgò wà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé yóò yà fún mi. Kò yà. Ó kọlù mí, ìgò mẹ́ta sì fọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń sùn lórí ìrìn ni?" Inú ń bí mi gan-an.

Ó lajú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìṣísẹ̀ ni mo ń kà. Mẹ́rìnlélógún ló yẹ kí n kà kí n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, àfi bí ẹ ṣe lọ dúró sórí ìkejìdínlógún."

Mo la ẹnu láti bú u, ẹ̀rín ló jáde.

Máṣíìnì ìránṣọ ló ń tún ṣe. Ìgò oògùn là ń ṣe níbi iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n yàrá kan wà tí wọ́n ti ń rán aṣọ iṣẹ́ wa, ibẹ̀ ni wọ́n pè é sí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ojú ìyá rẹ̀ fọ́, òun nìkan sì ni ìyá náà bí. Àwọn méjèèjì jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìṣísẹ̀ mọ ilé ni. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kò lè wọ ibi tuntun kó má dijú kà á wò. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi sọ ọ́ ní Oníṣirò. Òun náà sọ mí ní Ọ̀gá Ìgò, nítorí èmi ni mo máa ń gbé ìgò sókè sí iná láti wo èyí tó sán.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló yẹ kó máa wá. Nígbà tó di oṣù kẹta, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá. Mo sọ fún un pé mo fura pé òun gan-an ló ń ba àwọn máṣíìnì náà jẹ́ kó tó máa lọ sílé.

"O ti mọ̀," ó ní, "kí lo wá fẹ́ ṣe sí i?"

Ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára nígbà yẹn. N kò fi pamọ́ fún un, òun náà kò sì jẹ́ kí n nìkan sọ ọ́.

Ó mú mi lọ kí ìyá rẹ̀ ní àárín ìlú. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni a wọ̀ láti ẹ̀yìn ìlú lọ́hùn-ún tí mo ń gbé, tí mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti múra sílẹ̀ láti máa fa ìyá náà lọ́wọ́. Àfi bí Màmá ṣe yọ láti inú ilé pẹ̀lú ife omi lórí àwo, tí kò fọwọ́ kan ògiri, tí kò sì da ẹ̀kán kan sílẹ̀.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Má jókòó sórí àga ọwọ́ òsì yẹn o, ó ń mì. Ẹni tó ń tún máṣíìnì gbogbo ayé ṣe kò ráyè tún àga ìyá rẹ̀ ṣe."

"Màmá, ẹ má tú mi fó lójú àlejò."

"Àlejò wo? Ṣé kì í ṣe ẹni tí ò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí oúnjẹ fi ń jóná ni?"

Mo fẹ́ràn ìyá yẹn lójú ẹsẹ̀. Ká ní mo kórìíra rẹ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn.

Ibi tí a ó máa gbé ló di wàhálà. Fèrè ilé iṣẹ́ wa máa ń dún ní aago mẹ́fà àárọ̀, bó bá sì ti dún, wọn á ti géètì. Mo gbìyànjú láti máa ti àárín ìlú lọ síbi iṣẹ́. Mo gbé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì bá géètì ní títì lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọ̀gá wa ní ìkarùn-ún ni yóò jẹ́ ìkẹyìn.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá mi ni. Àrùn ọkàn ń da bàbá mi láàmú, ilé ìwòsàn tí ilé iṣẹ́ wa dá sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ àti òbí wọn ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá kúrò níbẹ̀, oògùn rẹ̀ dópin nìyẹn.

"Tó bá fẹ́ ọ, yóò wá síbi tí o wà," ni bàbá mi sọ. "Iṣẹ́ tirẹ̀, àpò kan ló gba gbogbo rẹ̀."

"Bàbá, ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Kó mú ìyá rẹ̀ dání."

"Tá a bá ń rí ara wa lópin ọ̀sẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyàwó ọjọ́ Sátidé? Mi ò bí ọmọ fún ìyẹn."

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Oníṣirò, ó di ọwọ́ mi mú. "Olólùfẹ́ mi, àá wá ilé tó bá ilé wa dọ́gba lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Màmá ò ní mọ̀ pé òun ṣí kúrò rárá."

Báyìí la bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi mi, à ń wọlé onílé, Oníṣirò ń dijú, ó ń kà. Láti ibi tí bẹ́ẹ̀dì yóò wà dé ẹnu ilẹ̀kùn, mẹ́rin. Láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ilé ìdáná, mẹ́fà. Láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ilé ìwẹ̀, mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ ni ilé wọn rí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì fẹ́. Obìnrin onílé kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi mí bóyá orí ọkọ mi pé.

Ilé kejìlá ló bá a mu. Mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́sàn-án. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló sì jìnnà sí géètì ilé iṣẹ́ wa. Oníṣirò gbé mi sókè níwájú onílé, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti tijú. Ìgbà tó sọ̀ mí kalẹ̀ ló tó sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún nílé wọn, ọwọ́ òsì ló wà níbí.

"Ilé ọlọ́wọ́ òsì ni," ó ní. "Màmá á kọ́ ọ."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ṣebí èmi àti òun la jọ kọ́ ti àkọ́kọ́?" Ṣùgbọ́n kò wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó kan ìṣó mọ́ ògiri, ó na okùn láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀, kí Màmá lè máa dì í mú. A fi àdéhùn sí oṣù kan. Bí ilé náà bá mọ́ Màmá lára, bàbá mi yóò dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Èmi ṣì wà ní yàrá mi, mo kàn ń yà lọ wo Màmá bí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́sàn-án, nítorí Oníṣirò ń lọ parí iṣẹ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ ní àárín ìlú lójoojúmọ́.

"Ilé yìí dáa," ni Màmá sọ lọ́jọ́ tó dé. "Afẹ́fẹ́ rẹ̀ dáa."

Ní gbogbo ọ̀sán tí mo bá dé, màá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, yóò ti múra dáadáa, yóò sì máa rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ṣé ẹ ti rìn káàkiri díẹ̀?"

"Títí ó fi rẹ̀ mí, ọmọ mi."

Ife omi tí ọmọ rẹ̀ ń bù sórí tábìlì ilé ìdáná kó tó jáde wà bó ṣe bù ú, kò dín. Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ìgbéyàwó ló gba gbogbo ojú mi.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìléru tí a fi ń yọ́ gíláàsì bàjẹ́, wọ́n ní ká máa lọ sílé ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo rọra ṣílẹ̀kùn, mo rò pé Màmá lè máa sùn.

Ó dúró ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Okùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́, ó sì ń sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Mẹ́rin. Mẹ́rin, kí n yà sọ́tùn-ún. Mẹ́rin." Aṣọ ìdí rẹ̀ tutù, ilẹ̀ tó dúró lé náà tutù. Ìtọ̀ ti bọ́ lára rẹ̀ níbi tó ti ń wá ọ̀nà ilé ìwẹ̀.

N kò lè kí i. Mo fi ẹ̀yìn rìn jáde, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo lọ dúró ní ìkòríta. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo padà dé, mo ń kọrin, mo sì ń wọ́ bàtà nílẹ̀ kí ariwo lè pọ̀. Ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ mìíràn ló wà ní ìdí rẹ̀, òdì rẹ̀ ló sì kọjú síta.

"Màmá, mo ti dé o!"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìgbà kejì tí wàá dé lónìí rèé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ nígbà àkọ́kọ́. O ṣeun tó o padà síta."

Mo bú sẹ́kún. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé orí lé e lórúnkún.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì nìkan," ó ní. "Ilé wa máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Omi ẹ̀rọ á máa kán lẹ́yìn mi, àga yẹn á máa mì. Níbí, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́."

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún un, Màmá."

"Rárá. Á gbé mi padà, á sì máa wò mí bí ẹni tó ba ayé òun jẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, má sọ ohun tó o rí fún ọmọ mi. Màá kọ́ ọ. Ẹ ṣe ìgbéyàwó yín."

Mo ṣèlérí. Mo fọ aṣọ náà, mo sá a sẹ́yìn ilé, ó sì ti gbẹ kí Oníṣirò tó dé.

Fún ọjọ́ méjì, mo fẹ́ dákẹ́ kí n sì fẹ́ ọkọ mi. Mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ń wí fún ara mi pé ìyá náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun á kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń wo ìgò, bí mo bá sì ti rí èyí tó sán, n kì í lè dá a padà sáàárín àwọn yòókù. Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ pàdé Oníṣirò níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń já a sílẹ̀ nírọ̀lẹ́.

"Mú ìyá rẹ padà sílé," mo wí. "Mi ò ṣe mọ́."

"O ò ṣe kí ni mọ́?"

"Kí n máa tọ́jú afọ́jú lójoojúmọ́. Ó ti sú mi."

Ó rọra gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀gá Ìgò, ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé bàbá rẹ ni?"

"Èmi ni."

"Wò mí lójú kó o tún un sọ."

Mo wò ó lójú. N kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mo sì tún un sọ ketekete.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi mi, wọ́n kó ẹrù. Oníṣirò dúró síta, kò kí mi. Màmá nìkan ló wà nínú ilé, ó na ọwọ́ títí ó fi bá ọwọ́ mi.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní ẹ ti sú mi."

Ó fún ọwọ́ mi títí ó fi dùn mí. "Irọ́ burúkú. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún un."

"Tí ẹ bá sọ ọ́, Màmá, ọ̀la ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé kẹtàlá."

Òun náà mọ ọmọ rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wo ojú mi látòkè délẹ̀, ó sì di okùn mú jáde.

Bàbá mi ṣì wà, oògùn rẹ̀ kì í yẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ pé ọkùnrin náà kò ní lè gbé ẹ̀yìn ìlú. N kò jà. Ẹlòmíràn ló ń tún máṣíìnì ibi iṣẹ́ wa ṣe báyìí, ó máa ń lajú sílẹ̀ rìn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo padà lọ. Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án. Mo wọ bọ́ọ̀sì mẹ́ta, mo dúró ní òdìkejì ọ̀nà, ní ọ̀sán gangan. Oníṣirò jókòó níwájú ilé, ó dojú máṣíìnì kan dé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Irun rẹ̀ ti kún, ó yẹ kó gẹ̀ ẹ́. Màmá yọ láti inú ilé pẹ̀lú ife omi fún un. Kò fọwọ́ kan ògiri. Ó yá bí i tàtijọ́.

Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú láìmọ̀. Màmá dúró lójijì, ó sì yí ojú sí ibi tí ẹsẹ̀ mi ti dún.

"Ta ni, Màmá?" Oníṣirò kò gbé orí sókè.

"Ẹni tó ń kọjá lọ ni."

Ó sún síwájú, ó fi ara rẹ̀ dí àárín èmi àti ọmọ rẹ̀, ife omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rọra ń lọ. Mo mọ̀ pé ó ń ka ìṣísẹ̀ mi, títí mo fi dé ibi bọ́ọ̀sì.