Ìkòkò Tí Kò Kí Aránṣọ

Ìkòkò omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kò kí Aránṣọ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Obìnrin náà jáde láti yàrá, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá." Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ìkòkò lẹ́nu. Ó tún un wí, ìkòkò dákẹ́. Ó na ọwọ́ kan etí ìkòkò, ọ̀dà dúdú lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ. Aránṣọ figbe ta.

Ní abúlé yẹn, kò sí ilé tí kò ní nǹkan abàmì kan, bí àwọn ará ibòmíràn ṣe máa ń ní ológbò. Ti Aránṣọ ni ìkòkò tí ohùn ìyá rẹ̀ kù sí. Ogójì ọdún ni ìyá náà fi ń bu omi nínú rẹ̀, tó sì ń dá sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bù ú. Nígbà tó kú, wọ́n sin ín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò bá wọn dé itẹ́ òkú. Bí èèyàn bá kí ìkòkò, á dáhùn. Bí èèyàn bá ṣàdúrà, á ṣe àmín. Bí èèyàn ò bá sì sọ nǹkan kan, á béèrè ohun tó dé. Ọkọ Aránṣọ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti rìn jìnnà. Nínú ilé yẹn, ìkòkò nìkan ló kù tó ń pè é ní "ọmọ mi."

Ó sáré wọ ilé Alágbẹ̀dẹ, aládùúgbò rẹ̀. Ó bá a lórí àpótí ìjókòó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ wá wò mí," ni Alágbẹ̀dẹ wí. "Mo jókòó!"

Aránṣọ tẹjú mọ́ àpótí náà. Àpótí Alágbẹ̀dẹ kì í gba ìdí. Ọdún méje ló fi ń sá fún un káàkiri ilé bí adìyẹ tó rí ọ̀bẹ, tí baba náà ń jẹun lórí ìdúró.

"Ta ló fọwọ́ kan àpótí yín lánàá?"

"Dókítà ni."

"Òun náà ló yẹ ìkòkò mi wò."

Ẹ̀rín kú lójú Alágbẹ̀dẹ. Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí. Àpótí kò mira. "Yéè! Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀! Mo ṣe bí oògùn ló ṣiṣẹ́ ni!"

Lánàá ni dókítà náà wọ abúlé, ẹ̀wù funfun lọ́rùn, ìwé ńlá lábíyá, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù tí aṣọ bò. Ó ní àrùn ń ja àwọn ohun abàmì, pé ní abúlé kejì, ìgbálẹ̀ kan tó máa ń kọrin ti kú ikú oró. Jìnnìjìnnì bo gbogbo ènìyàn. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n gbé tiwọn wá, kí wọ́n dúró síta, torí àrùn náà ń ràn. Á ti kẹ̀kẹ́ àti nǹkan náà wọlé, á ṣe "hẹn-ẹn, hẹn-ẹn" lẹ́yìn aṣọ, á sì gbé e jáde. "Ẹ má fọwọ́ kàn án títí di ọ̀la." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti gbá ilé mọ́kànlá mọ́.

Àbúrò Aránṣọ ni ẹ̀ṣọ́ abúlé, ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan tó nínúure. Fẹ̀sọ̀rìn ni wọ́n ń pè é, torí kò tíì lé olè kankan bá rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀ ná—"

"Ìyá ẹ ni wọ́n jí gbé!"

Fẹ̀sọ̀rìn kò dúró wọ bàtà kejì.

Ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà wọ́, ó ń fa ìlà bí ejò sójú ọ̀nà. Wọ́n tẹ̀ lé ìlà yẹn kọjá oko àgbàdo, kọjá ibi ìfọṣọ, títí dé oríta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá kẹ̀kẹ́ òfìfo nínú kòtò. Bí wọ́n ṣe gbójú sókè, ọkùnrin aláṣọ funfun kan ló ń bọ̀ yìí. Fẹ̀sọ̀rìn fò mọ́ ọn.

"Níbo ni ìyá mi wà?"

"Ìyá ta ni?"

"Kí ló wà lára aṣọ ẹ yìí?"

"Ìyẹ̀fun. Oníbúrẹ́dì ni mí."

"Kí ni ẹ̀rí?"

Ọkùnrin náà na búrẹ́dì kan sí i. Bí wọ́n ṣe wà lórí èyí, aboyún kan ń wọ́ ẹsẹ̀ kọjá, ó fi ìborùn bojú. "Ẹ mú un dáadáa o," ló wí lóhùn tín-ín-rín. "Ojú olè ló ní." Ó sì gba ọ̀nà odò lọ.

Fẹ̀sọ̀rìn bu búrẹ́dì jẹ. Ó tún un bù. "Ẹ̀gbọ́n mi, oníbúrẹ́dì ni lóòótọ́."

Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sáré dé etí odò, bóyá olè fẹ́ wọkọ̀. Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ ojú omi lọ. Wọ́n kó sínú rẹ̀, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì: ọlọ́kọ̀ àti aboyún yẹn nìkan ló wà níbẹ̀. Aránṣọ jókòó gbì. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo tún sìnkú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn," ló wí.

Fẹ̀sọ̀rìn kò mọ bí wọ́n ṣe ń tu ẹ̀gbọ́n nínú. Ó yíjú sí aboyún, kó má baà sunkún lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o."

"Àmín o, ọmọ mi," ni ikùn dáhùn. "Ṣé o ti jẹun?"

Àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀.

Aboyún fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. "Ọmọ inú mi yìí gbọ́n," ló wí.

"Màmá?" ni Fẹ̀sọ̀rìn wí.

"Èmi ni. Ibí yìí ṣókùnkùn, ó sì ń rùn."

Aboyún bẹ́ sódò. Omi ibẹ̀ kò ju orúnkún lọ. Ìborùn ṣí, irùngbọ̀n yọ. Ó fa ìkòkò jáde lábẹ́ aṣọ, ó gbé e sókè lókè àpáta kan.

"Ẹ sún mọ́ mi, màá fọ́ ọ!"

Kò sẹ́ni tó mira. Aránṣọ rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú omi.

"Bí o bá fọ́ ọ," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, "kò sí òmíràn."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó ṣiyèméjì, ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ẹrẹ̀ yọ̀ ọ́. Ìkòkò fò sókè. Fẹ̀sọ̀rìn, ẹni tí kò tíì sáré bá ohunkóhun láyé rẹ̀, fò láti inú ọkọ̀, ó fi àyà gbá ìkòkò mọ́ra kó tó balẹ̀. Aránṣọ ní tirẹ̀ di olè mú létí.

Ní àgọ́ ẹ̀ṣọ́, olè ṣe orí kunkun.

"Níbo ni ìyókù wà?"

"Mi ò mọ̀."

"Orúkọ ẹ?"

"Mo ti gbàgbé."

"A máa tì ẹ́ mọ́lé."

"Ẹ tì mí. Ara mi á sinmi."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ṣé ìyá ẹ wà láyé?"

Ojú olè yí padà. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ ránṣẹ́ pè é ni."

"Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Wọ́n wà nínú ilé ewúrẹ́ àtijọ́ lẹ́yìn oko àgbàdo!"

Ó jẹ́wọ́ bí ẹni tó ń bì. Oṣù tó kọjá ló ti wá bí ayàwòrán, ó ya àwòrán gbogbo nǹkan wọn, ó lọ ṣe ayédèrú wọn. Olówó kan ní òkè odò ló fẹ́ tà wọ́n fún. Ìkòkò ló kọ́kọ́ fẹ́ gbé kọjá odò torí ariwo rẹ̀ fẹ́ tú àṣírí. "Mo fi àkísà dí i lẹ́nu, ó tu ú jáde. Ó ní ìgbà wo ni màá gbéyàwó." Kó tó dákẹ́, ó ti jẹ́wọ́ ẹyin tó jí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí wọ́n fi ṣí ilé ewúrẹ́. Olúkúlùkù ń gbá tirẹ̀ mọ́ra. Àpótí Alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ já jáde, ó gbá ẹni tó ni ín ṣubú, ó sì kọrí sínú oko. Alágbẹ̀dẹ ń sáré tẹ̀ lé e, omijé ayọ̀ lójú. "Ó ṣì kórìíra mi!" ló ń pariwo. "Ẹ ṣeun o, ó ṣì kórìíra mi!"

Wọ́n ti olè mọ́lé. Kò mọ̀ pé Aránṣọ ti ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, pé obìnrin kúkurú náà ti wà lójú ọ̀nà, ó sì ń ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè.

Aránṣọ kò rán aṣọ kankan lọ́jọ́ náà. Ó fọ ìkòkò, ó pọn omi tuntun sí i, ó fà á sún mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọmọ mi," ni ìkòkò wí, "níbo la lọ?"

Aránṣọ ronú díẹ̀. A kì í kó ìpayà bá arúgbó. "A lọ kí àwọn ẹbí ni, Màmá."

"Hẹn-ẹn. Ara wọn le?"

"Ara wọn le."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ìkòkò wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó pọ̀n mí yẹn ò mọ ọmọ pọ̀n."