Píìnì Irin Inú Àpò Ṣòkòtò

“Kí lèyí?”

Ojúlalákàn sọ ọ́ sínú ni, kò jẹ́ kó jáde lẹ́nu. Aṣọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fẹ́ rẹ sómi kó tó lọ sílé ìwé, ló bá ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò náà, ọwọ́ rẹ̀ sì kan irin. Píìnì ni, ó tutù, ó wúwo, irú èyí tí àwọn sójà fi ń so férémù irin mọ́ra wọn létí odò.

Ọmọ yìí kò ṣàdédé gba orúkọ ìnagijẹ rẹ̀. Bí ẹran bá dín nínú ìkòkò, òun ló ń kọ́kọ́ mọ̀. Bí èèyàn bá rẹ́rìn-ín jù, á ní ó ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀.

Sójà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nínú ẹ̀ka ẹnjinía. Àgbàrá ti gbé afárá ìlú lọ, ẹ̀ka náà ló wá ń to tuntun. Ṣùgbọ́n lánàá, Ojúlalákàn bá a níwájú ilé, òun àti ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bó ṣe sún mọ́ wọn, kẹ́kẹ́ pa.

“Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ̀yin méjèèjì ń sọ?”

“Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Lọ gbálẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ àgbà! Àṣé irin ìjọba ló ń tà! Ẹ̀gbọ́n ti lọ síbi iṣẹ́ ní àárọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n bó bá tilẹ̀ wà nílé, Ojúlalákàn kò ní bi í. Irọ́ ni yóò pa, àbí kí ni olè ń pa? Ó pinnu pé òun á dá píìnì náà padà ní jẹ́jẹ́, kí ìtìjú má baà wọ ilé wọn.

Ọlọ́run bá a ṣe é, tíṣà wọn kó kíláàsì lọ wo afárá lọ́jọ́ náà gan-an. Orin àwọn sójà ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́:

“Gbé e, ó wúwo o!
Ó wúwo, kò wúwo jù wá lọ!
Odò tó ní a ò ní kọjá,
Ẹ̀yìn wa ni yóò kù sí!”

Nígbà tí àwọn sójà jókòó jẹun, Ojúlalákàn yọ́ lọ sídìí àpótí píìnì, ó ju èyí tó mú wá láti ilé sínú rẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin “gbé e, ó wúwo” lábẹ́ ahọ́n.

Lọ́sàn-án, wọ́n so férémù tó kù. Ọkọ̀ ńlá kan ti dúró lẹ́nu afárá. Sájẹ́ǹtì, bàbá onírùngbọ̀n funfun, wá kó àwọn ọmọ jọ.

“Àdá àti ṣọ́bìrì làwọn bàbá wa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí,” ló wí. “Wọ́n ń la ọ̀nà níwájú àwọn ọmọ ogun. Lónìí, a ti pín sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Àwọn kan ń wú bọ́ǹbù inú ilẹ̀, àwọn kan ń gbẹ́ kànga, àwọn kan ń to afárá. Ṣùgbọ́n nígbà kan, afárá wa já, ó pa àwọn tiwa. Ẹni tó darí títò rẹ̀ wà lórí òkè, ó ń wòran. Láti ìgbà náà lófin ti wà: bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá ń kọjá, olórí ọ̀wọ́ á dúró sábẹ́ afárá.”

Ojúlalákàn wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

“Sà, bí irin kan bá ti sán ńkọ́?” tíṣà béèrè.

“Hòòmù! Onífura ni wá. Gbogbo píìnì la ń fi òòlù kàn wò kó tó wọnú àpótí. Èyí tí kò bá dún gaara, ẹni tó rí i á fi sápò ara rẹ̀, títí á fi fi lé agbẹ̀dẹ wa lọ́wọ́, kó má baà padà sáàárín àwọn tó dáa nínú àpótí yẹn.”

Ojúlalákàn sáré jáde láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ti ń ké rírí bọ̀.

“Ẹ dá a dúró! Ẹ jọ̀ọ́! Èmi ni mo ju píìnì sínú àpótí!”

Ọkọ̀ dúró. Kíláàsì tó fẹ́ fi ọmọ yìí ṣẹ̀rín kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí òòlù ń lọ lórí píìnì kọ̀ọ̀kan, gaara, gaara, títí ó fi kan ọ̀kan lórí afárá láàárín odò, tó dún bí ìkòkò tó ti là.

Iṣẹ́ bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn aláìsàn tó fẹ́ kọjá lọ sí ọsibítù òdìkejì padà sílé. Nítorí pé ẹ̀gbọ́n gbàgbé píìnì sínú aṣọ tó bọ́ sílé, wọ́n gba ipò olórí ọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbúrò kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá mi, mo rò pé ẹ ń tà á fún onírin ni.”

“Mò ń kìlọ̀ fún un kó má fọwọ́ kan irin wa ni. Ojú rẹ rí irin lápò mi, ẹnu rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán an pa ni?”

Nígbà tí ọkọ̀ wá kọjá ní ọjọ́ kejì, olórí tuntun ló dúró lábẹ́ afárá. Ẹ̀gbọ́n lọ dúró tì í, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ojúlalákàn wà lókè, ọwọ́ ló fi bo ẹnu títí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ náà fi kan ilẹ̀ òdìkejì.

Ẹ̀yin ọmọ, ìfura dára, òun ló ń yọ irin búburú kúrò nínú afárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fura sí èèyàn, ẹ bi í léèrè. Irin ni kò lè fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé.