Òwú Pupa Ara Aṣọ Martha

"Ọ̀rọ̀ tuntun tòní dà?" Martha kò gbójú kúrò lára òfì tó fi ti ògiri bó ti ń bi ọmọ rẹ̀.

Bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn nílé wọn ní Kábà. Tíṣà Gbádéyan a máa fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ńláńlá tó ń kún ẹnu, nítorí ìdánwò àtiwọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ́yẹlé a pe ọ̀rọ̀ náà fún ìyá rẹ̀, a sọ ìtumọ̀ rẹ̀, Martha a sì hun òwú pupa kan ṣoṣo sára aṣọ fún un. Obìnrin tí kò wọ kíláàsì rí láyé ni o! Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ olóògbé ní ìwé tí ọmọbìnrin kà ti tó, òun ló fàáké kọ́rí. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ òun bá ṣì lè hunṣọ, ọmọ òun á kàwé. Ó sì ń hun ún títí ẹ̀yìn fi ń ro ó.

Lọ́jọ́ yìí, Ọmọ́yẹlé kò mọ ìtumọ̀. Eré ló fi àkókò ìwé ṣe, Rachel ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì tún ń dúró dè é níta. Rachel ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé, "Ìwọ náà! Ṣé ìyá rẹ gbọ́ òyìnbó ni? Ohun tó bá ti wá sí ọ lẹ́nu ni kí o sọ."

"Gratitude," ni Ọmọ́yẹlé wí. "Ìtumọ̀ rẹ̀ ni... ìyà. Ìyà àti òṣì."

"Gíratitúùdì," Martha pè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Áà, ó dùn ún pè ju ohun tó jẹ́ lọ."

Ó hun òwú pupa sí i. Ọmọ́yẹlé ti bẹ́ síta.

Nígbà tí ọjọ́ ìkórè dé, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn akọ̀wé tó gba ìsinmi wálé láti Kàdúná jókòó síwájú, Tíṣà Gbádéyan sì wà láàárín wọn. Martha dìde láti jẹ́rìí.

"Ẹ̀yin ará, okun o!" Ó kí wọn bí ará Kábà ti í kí ara wọn.

"Okun o!"

"Ojú yín ni ọkọ mi ṣe kú, tó fi èmi àti ọmọ kan sílẹ̀. Lónìí, ọmọ mi ti fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ bá mi yin Olúwa, kò sí gíratitúùdì nínú ilé mi mọ́!"

Àwọn akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Martha náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ń bá òun yọ̀ ni. Ìyẹn gan-an ló dun Ọmọ́yẹlé wọ eegun.

Rachel tó jókòó tì í já a ní èékánná. "Dákẹ́! Ta ni yóò mọ̀ pé ìwọ ni?"

Òótọ́ ni. Bó bá dákẹ́, wọn á ní ìyá rẹ̀ ló gọ̀. Bó bá sì sọ̀rọ̀, Tíṣà tí yóò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò á mọ̀ ọ́n ní òpùrọ́. Ó dìde.

"Ẹ má fi ìyá mi rẹ́rìn-ín! Bí mo ṣe kọ́ wọn ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Èmi ni mo parọ́ fún wọn."

Martha kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an?"

"N kò mọ̀ ọ́n, Ìyá."

"Lọ bi Tíṣà. Abèèrè kì í ṣìnà."

Lójú gbogbo ìjọ, Ọmọ́yẹlé rìn lọ bá Tíṣà Gbádéyan, ó sì béèrè.

"Ìmoore ni," ni Tíṣà dáhùn. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

Ọmọ́yẹlé yíjú padà, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. "Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun ẹ̀yìn tó ń ro yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Nígbà tí wọ́n délé, Martha ní kó jókòó ti òfì. Wọ́n tú iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ títí wọ́n fi dé orí òwú irọ́ náà. Ọmọ́yẹlé fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ún padà, ó ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Tíṣà náà kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ àfi ìgbà tó sọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ láìṣi ọ̀kankan.

Ó yege. Lọ́jọ́ tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, Martha fi aṣọ náà bò ó léjìká. Ọmọ́yẹlé ti wá mọ̀ pé kò sí ìtìjú nínú ká sọ pé a kò mọ̀. Kí a rẹ́ ẹni tó ń ṣe wá lóore jẹ ni ìtìjú. Ó wá òwú yẹn rí lára aṣọ náà, ó fi ìka kàn án.

"Gratitude, Ìyá."

Martha rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. "Ó wà nínú ilé mi o, ọmọ mi. Ó ti wà níbẹ̀."