Èédú Ẹlẹ́mìí Ìlú Òṣùpá

Òórùn ọṣẹ ni Ìbíwùmí kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe wọ iyàrá omi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó sáré ṣí àgbá ńlá. Èédú inú rẹ̀ ń dán, ó mọ́ fínnífínní, ó sì ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ní Ìlú Òṣùpá, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣe aṣọ fún àwọn arìnrìn-àjò òfurufú, kò sí odò, òjò kò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Omi olóró tí ilé iṣẹ́ fi pa aṣọ láró ni gbogbo ìlú yóò tún mu. Èédú ẹlẹ́mìí ló ń sọ ọ́ di mímu. Èèpo ekùrọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Èédú á gba oró mú, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tó kọ́lé sínú ihò ara rẹ̀ á sì jẹ oró náà. Àwọn ló máa ń mú kí ara èédú yọ̀, Ìbíwùmí ló sì ń tọ́jú wọn.

Ìyá rẹ̀, Àdùnọlá, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, yọjú pẹ̀lú kànìnkànìn lọ́wọ́. Ọkọ̀ òṣùpá tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin ló gbé e wá láti wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé; ẹni tí yóò rọ́pò ọmọ náà sì bá a wá. Ọjọ́ méjì péré ló kù kí ọkọ̀ padà.

"Wúmi mi, o ti jí? Mo bá ẹ fọ nǹkan dúdú yẹn. Ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá tó sùn! Omi gbígbóná ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ṣàn án."

"Màámi, ẹ ti pa wọ́n."

"Mo pa ta ni?"

Ìbíwùmí fẹ́ pariwo, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu, lẹ́yìn náà ẹkún. Ìyá wo ló máa dé ilé ọmọ tí kò ní fọ ìkòkò tó ń yọ̀?

Kò pẹ́ tí Fágbèmí, ọ̀gá ìlú, fi dé.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni, sà," ni Ìbíwùmí dáhùn.

"Irọ́ ló ń pa!" Àdùnọlá ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìyà jẹ ọmọ mi."

"Há, Màmá, ẹ dìde! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi." Fágbèmí fà á dìde, ó wá yíjú sí Ìbíwùmí. "Omi ìpamọ́ wa kò ju ti oṣù mẹ́jọ lọ. Ẹni tó wá rọ́pò rẹ ńkọ́?"

"Ó mọ bí a ṣe ń tọ́jú èyí tó wà láàyè, sà. Kò tíì mọ bí a ṣe ń tọ́ tuntun dàgbà, oṣù mélòó kan ni yóò sì gbà." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n."

Ìgbà náà ló yé Àdùnọlá pé ọmọ òun kò ní lè bá òun lọ sílé mọ́. Ó bú sẹ́kún.

"Omi ló dànù, Màámi, agbè ò fọ́," ni Ìbíwùmí wí, ó gbá a mọ́ra.

Ó ha ìwọ̀nba ohun abẹ̀mí tó ṣẹ́ kù lára páìpù, ó fi wọ́n sínú èédú tuntun, kò sì fi wọ́n sílẹ̀ títí ọkọ̀ fi fẹ́ gbéra. Ó sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó rí i pé wọ́n ń yọ̀, ó fa etí ìró rẹ̀ kó fi nù wọ́n. Ó dúró. Ó jẹ́ kí etí ìró náà bọ́ lọ́wọ́ òun, ó sì rọra pa ìka ọmọ rẹ̀ dé.

"Padà sọ́dọ̀ wọn. Má jẹ́ kí ebi pa wọ́n."

"Ọdún mẹ́rin péré ni, Màámi. Ẹ dúró dè mí o."

"Màá gbìyànjú," ni ìyá rẹ̀ dáhùn, ó sì wọ ọkọ̀.